Nígbà tí Òwe àti Ọ̀wẹ̀ Pàdé Nínú Àpò Kan

Alẹ́ Ọjọ́bọ̀ kan ni ọ̀rọ̀ yìí kọ́kọ́ mú mi lọ́kàn. Ẹ̀kọ́ tí mo fẹ́ kọ́ àwọn ọmọ SS1 lọ́jọ́ kejì ni ètò ìrànra-ẹni-lọ́wọ́: àáró, ọ̀wẹ̀, èésú, àjọ. Kì í ṣe pé n kò mọ̀ wọ́n. Òkè-Ògùn ni mo ti ń ṣe iṣẹ́ olùkọ́, oko kò jìnnà sí wa, àwọn òbí tó pọ̀ jù nínú kíláàsì mi ló ń dáko ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo. Ohun tí mò ń wá ni fídíò tàbí àwòrán tí àwọn ọmọ lè fojú rí, nítorí pé wọ́n ti gbọ́ àáró àti ọ̀wẹ̀ títí nílé, kò sì sí ẹni tó sọ fún wọn rí pé ọ̀kan kì í ṣe èkejì. Mo ṣí àpò líǹkì tí èmi àti àwọn olùkọ́ Yorùbá mẹ́fà jọ ń lò lórí íntánẹ́ẹ̀tì, mo sì tẹ táàgì, ìyẹn ọ̀rọ̀ tí a lẹ̀ mọ́ líǹkì, tí a kọ "owe" sí.

Òwe ló kọ́kọ́ jáde, líǹkì mẹ́sàn-án, òwe àti ìtumọ̀ wọn. Méjì péré ló jẹ́ ti ọ̀wẹ̀, wọ́n há sáàrin àwọn yòókù. Ẹ̀yìn gbogbo rẹ̀ ni ojú ìwé Gẹ̀ẹ́sì kan wà tó ń sọ bí èèyàn ṣe ń san owó tó jẹ: ọ̀kan nínú wa ló fi í pamọ́ fún ọmọ rẹ̀ tó ń ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá lórí ọrọ̀ ajé, lẹ́tà mẹ́ta kan náà ni Gẹ̀ẹ́sì sì fi ń kọ kí èèyàn jẹ gbèsè. Òwe, ọ̀wẹ̀ àti gbèsè jókòó ti ara wọn bí èrò inú ọkọ̀ Ṣakí tí kò mọra rí.

N kò rí fídíò tí mò ń wá lálẹ́ ọjọ́ náà. Ṣùgbọ́n n kò tètè sùn. Mò ń ro bí àwa méje ṣe dé ibi tí a wà, àti ohun tó yẹ kí a tún ṣe.

Kí n tó tẹ̀ síwájú, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tí mò ń pè ní àpò líǹkì. Bí o bá rí ojú ìwé tó wúlò lórí íntánẹ́ẹ̀tì, o lè sàmì sí i kí o lè padà síbẹ̀. Òun ni wọ́n ń pè ní bookmark. Bí àmì náà bá wà nínú fóònù rẹ nìkan, ìwọ nìkan ló ni ín, bí fóònù bá sì bọ́ sọ́wọ́ olè, ó bá a lọ. Ní ọdún 2003, ọmọ Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ Joshua Schachter ṣe ibì kan tó pè ní Delicious. Ó gbé àwọn àmì yìí kúrò lórí ẹ̀rọ oníkálukú, ó kó wọn síta níbi tí àwọn ẹlòmíràn ti lè rí wọn. Ohun kejì tó ṣe ni mo fẹ́ràn jù. Kí ó tó dé, inú fódà ni èèyàn ń kó líǹkì sí, líǹkì kan, fódà kan. Ní Delicious, ọ̀rọ̀ tó bá wù ọ́ ni o máa lẹ̀ mọ́ líǹkì, ó lè jẹ́ ọ̀kan, ó lè jẹ́ mẹ́fà. Àwọn ọ̀rọ̀ yẹn ni táàgì. Kò yẹ kí èyí ṣòro fún Yorùbá láti lóye. Àìná kan náà tí bàbá rẹ̀ ń pè ní Àìná ni ìyá àgbà ń pè ní Àbẹ̀ní, ọ̀nà tí kálukú bá gbà mọ̀ ọ́n ni yóò gbà pè é, yóò sì dáhùn. Ní ọdún 2006, Diigo náà dé, èyí tó jẹ́ kí èèyàn lè fi àwọ̀ kun gbólóhùn lójú ìwé náà gan-an, kí ó sì kọ ọ̀rọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bí ẹni ń máàkì ìwé ọmọ. Ẹni tó bá jẹ́ olùkọ́ yóò mọ ìdí tí èyí fi dùn mọ́ wa.

Nígbà tí kòrónà ti ilé ẹ̀kọ́ pa ní oṣù kẹta ọdún 2020 ni àwa kọ́kọ́ nílò rẹ̀. Gbogbo olùkọ́ ṣáà ń wá ohun tó máa fi kọ́ ọmọ láti ilé. A ti ní ẹgbẹ́ kan lórí WhatsApp tẹ́lẹ̀, ibẹ̀ ni gbogbo wa ń ju líǹkì sí. Mi ò ní sọ̀rọ̀ WhatsApp láìdára, òun ló jẹ́ kí a mọ ẹni tó ń ṣàìsàn àti ẹni tí owó oṣù rẹ̀ kò tíì wọlé. Àmọ́ líǹkì kì í gbé níbẹ̀. Bó bá wọlé láago méje àárọ̀, kí ó tó di ọ̀sán, ẹ kú àárọ̀, àdúrà ọ̀sẹ̀ tuntun, ìpolówó aṣọ òkè àti àwòrán ọjọ́ ìbí ti bò ó mọ́lẹ̀. Oṣù méjì lẹ́yìn náà, ẹnì kan á béèrè pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ta ló ní líǹkì àlọ́ ìjàpá tí ẹ fi ránṣẹ́ nígbà yẹn?" Ẹni tó fi í ránṣẹ́ pàápàá kò ní lè rí i mọ́. A ń wá ohun kan náà lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ̀ẹ̀mẹta ni a sì ń fi owó dátà wa wá a.

Fún olùkọ́ físíìsì tàbí ìṣirò, kò burú tó bẹ́ẹ̀. Bí líǹkì kan bá sọnù, yóò tẹ ọ̀rọ̀ méjì sínú Google, ọgọ́rùn-ún mìíràn á jáde. Ti Yorùbá kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní èdè wa kéré, ó fọ́n káàkiri, bí o kò bá sì kọ ọ̀rọ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹni tó gbé e síta ṣe kọ ọ́, o lè má rí i láéláé. Ẹni tó ti rí i kí ìwọ tó rí i ni ìrànlọ́wọ́ tó dájú jù tí o ní. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ fún àwọn ẹlẹgbẹ́ mi pé ọ̀rọ̀ àpò líǹkì yìí kàn wá ju bó ṣe kan àwọn olùkọ́ yòókù lọ.

Nígbà tí a wá ṣí àpò tiwa, òfin kan ṣoṣo ni a bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú: má fi líǹkì síbẹ̀ láìkọ ìlà méjì mọ́ ọn, kí o sọ kíláàsì tí o fi kọ́ àti ohun tó ṣẹlẹ̀. Òfin yìí ló sọ àpò náà di nǹkan. Ẹ wo àpẹẹrẹ. Ìwé gírámà àti àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá tí Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther tẹ̀ jáde ní 1852, kí ó tó di bíṣọ́ọ̀bù, wà ní Internet Archive, ilé ìkàwé kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀fẹ́ sì ni. Bí ẹnì kan bá ju líǹkì rẹ̀ sí mi lásán, kí ni èmi olùkọ́ JSS fẹ́ fi ìwé tó nípọn, tí a fi Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ ṣàlàyé, ṣe? Ṣùgbọ́n ohun tí ẹlẹgbẹ́ mi kọ mọ́ ọn nìyí: "Má ṣí gbogbo ìwé fún wọn. Lọ sí apá àkójọ ọ̀rọ̀, mú ojú ìwé kan ṣoṣo. Jẹ́ kí wọ́n wá ọ̀rọ̀ márùn-ún tí a kì í kọ bẹ́ẹ̀ mọ́. JSS3, ìṣẹ́jú 20. Wọ́n pariwo."

Mo ṣe bẹ́ẹ̀. Mo ti gba ojú ìwé náà sórí fóònù láti ilé, nítorí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kì í wọ kíláàsì wa. Ọmọ márùn-ún-márùn-ún ń wá síbi tábìlì mi. Ọmọbìnrin kan na ìka sí "aiye," ó ní, "Mà, wọ́n ṣì í kọ." Ọmọkùnrin tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ní, "Bí bàbá àgbà mi ṣe ń kọ ọ́ nìyẹn." Ibẹ̀ ni mo ti gbà wọlé sí àkọtọ́ 1974, ẹ̀kọ́ tí mo ti ń kọ́ tẹ́lẹ̀ bí ẹni ń ka àkọ́sórí. Lọ́jọ́ yẹn, àwọn ọmọ gan-an ló ń bi mí pé ta ló pàṣẹ pé kí a yí i padà, àti ìdí tí bàbá àgbà kò fi yí tirẹ̀. Ìlà méjì tí ẹlẹgbẹ́ mi kọ ló fún mi ní ẹ̀kọ́ yẹn. Ìwé Crowther ti wà níbẹ̀ láti ọjọ́ yìí.

Bẹ́ẹ̀ náà ni Yorùbá Yé Mi, ìwé ẹ̀kọ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì tí Fehintola Mosadomi ṣe ní Yunifásítì Texas ní Austin fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ Yorùbá. Ta ni ìbá ronú pé yóò wúlò ní Òkè-Ògùn? Ẹlẹgbẹ́ wa tó wà ní Ìbàdàn ló fi í sínú àpò, ó kọ ọ́ pé òun ń lo ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀ níbẹ̀ fún àwọn ọmọ tí wọ́n kó wá láti Èkó, tí Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni wọ́n ń sọ nílé. Èmi náà ní irú wọn méjì lọ́dún yẹn. Àwọn ìtàn African Storybook wà níbẹ̀ pẹ̀lú, èyí tí èèyàn lè tẹ̀ sórí pépà. Ẹni tó fi wọ́n síbẹ̀ ti yẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sọ èyí tí Yorùbá rẹ̀ já gaara àti èyí tí olùkọ́ gbọ́dọ̀ tún ka kí ó tó gbé e fún ọmọ.

Àmì ohùn ló wá dá wàhálà sílẹ̀, ibẹ̀ ni mo fẹ́ dúró sí díẹ̀, torí n kò tíì rí ibi tí wọ́n ti ṣàlàyé rẹ̀ fún olùkọ́ Yorùbá.

Bí o bá kọ "eko" láìlámì, o ti pe Èkó, o ti pe ẹ̀kọ́, o ti pe ẹ̀kọ tí a ń fi ewé pọ́n. Àwa mọ èyí, òun ni a ń kọ́ ọmọ lójoojúmọ́. Nítorí náà, a fẹnu kò pé kí gbogbo wa máa fi àmì sí táàgì pé pérépéré. A rò pé ó ti parí. Ọ̀sẹ̀ méjì kò pé tí mo fi rí i pé a ní "ẹ̀kọ́" mẹ́ta nínú àpò, tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ ara wọn lójú bí ìbejì. Mo tẹ ọ̀kan, líǹkì mẹ́rin. Mo tẹ èkejì, líǹkì mọ́kànlá. Ìkẹta, ọ̀kan ṣoṣo.

Ohun tó fà á nìyí. Nínú kọ̀ǹpútà, nọ́ńbà ni gbogbo lẹ́tà. Lẹ́tà ẹ tó ní àmì nísàlẹ̀ ní nọ́ńbà tirẹ̀, U+1EB9. Ṣùgbọ́n kíbọọ̀dù mìíràn yóò kọ e lásán, yóò wá gbé àmì ìsàlẹ̀, U+0323, tẹ̀ lé e. Ojú kò lè mọ ìyàtọ̀. Àwọn mìíràn nínú wa sì ń lo ìlà òòró kékeré dípò àmì róbótó, bí a ṣe rí i nínú ọ̀pọ̀ ìwé tí wọ́n fi kọ́ wa, U+0329 nìyẹn. Ìlànà Unicode, èyí tó ń pín nọ́ńbà fún àwọn lẹ́tà, sọ pé kí ẹ̀rọ ka méjì àkọ́kọ́ sí ohun kan náà, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ẹ̀rọ ló ń tẹ̀ lé e. Kíkà sí ohun kan náà yẹn kò tilẹ̀ kan ìkẹta, lẹ́tà mìíràn gbáà ni lójú kọ̀ǹpútà. Ìyẹn ni pé àwa olùkọ́ méje, tí a jọ kọ ọ̀rọ̀ kan náà, tí a fi àmì sí i bó ṣe yẹ, a kò kọ ohun kan náà.

Mo dábàá pé kí a padà sí kíkọ táàgì láìlámì. Bàbá tó dàgbà jù nínú wa, tí ọdún ìfẹ̀yìntì rẹ̀ kù díẹ̀, kò gbà.

Ó ní, "Ọmọ mi, ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni mo ti ń fi bírò pupa gé máàkì ọmọ nítorí àmì ohùn. Ṣé èmi náà ni kí n wá máa kọ owe láìlámì?"

Mo ní, "Ẹ má bínú, sà. Ẹ̀rọ ni kò gbọ́ ọ."

"Ẹ kọ́ ẹ̀rọ. Iṣẹ́ wa ṣáà ni ká kọ́ ẹni tí kò gbọ́."

Mo bínú díẹ̀ nígbà yẹn, mo rò pé ó fẹ́ fi ìlànà dí iṣẹ́ lọ́wọ́. Lónìí, mo gbà pé òun ló tọ̀nà. Bí àwa tí a ń kọ́ èdè bá kọ́kọ́ bọ́ aṣọ rẹ̀ sílẹ̀ nítorí ẹ̀rọ, àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ kò ní rí ìdí kankan láti tún un ṣe. Ibi tí a parí rẹ̀ sí ni pé táàgì méjì ni líǹkì kọ̀ọ̀kan yóò máa ní. Ọ̀kan yóò ní àmì tó pé. A kó gbogbo rẹ̀ sínú àkọsílẹ̀ kan, ibẹ̀ ni a ti ń kọ́pì í, kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ fọwọ́ ara rẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Èkejì kò ní àmì, ṣùgbọ́n ó ní ọ̀rọ̀ kan tó ń tì í lẹ́yìn: "owe-oro" fún òwe, "owe-oko" fún ọ̀wẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni mo fi tún àwọn ti àtijọ́ ṣe, mo ń ṣe é lálẹ́ lẹ́yìn tí àwọn ọmọ mi bá ti sùn.

Ẹ tún jẹ́ kí n sọ ọ̀rọ̀ ibi ìpamọ́, kí ẹ má baà gbára lé e jù. Ilé iṣẹ́ tó ń tọ́jú líǹkì kì í pẹ́ láyé. Delicious tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, Yahoo rà á ní 2005, ó tún bọ́ sọ́wọ́ àwọn mìíràn láti 2011, nígbà tó di 2017 Pinboard rà á, wọ́n sì ti í pa débi pé kò sẹ́ni tó lè fi nǹkan tuntun sí i mọ́. Google Bookmarks kógbá wọlé ní oṣù kẹsàn-án 2021. Pocket náà lọ ní oṣù keje 2025. Nítorí náà, ní ìparí sáà kọ̀ọ̀kan, a máa ń kó gbogbo líǹkì wa jáde sínú fáìlì kan, mo sì ń tẹ̀ ẹ́ sórí pépà, táàgì, líǹkì àti ìlà méjì ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ó wà lára ògiri yàrá àwọn olùkọ́ wa báyìí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ tímùtébù.

Ó kù sí ọ̀rọ̀ àáró.

Lọ́jọ́ Ẹtì tí mo kọ́ ẹ̀kọ́ yẹn, láìsí fídíò, mo kàn béèrè lọ́wọ́ àwọn ọmọ pé kí ni ìyàtọ̀. Ọmọkùnrin kan dìde. Ó ní bí bàbá òun bá bẹ̀ ọ̀wẹ̀, ìyá òun yóò se oúnjẹ, àwọn èèyàn yóò wá ṣiṣẹ́, wọn yóò jẹun, wọn yóò lọ, ó parí. Ó ní ti àáró kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹgbẹ́ kan náà ni wọ́n, oko tèmi lónìí, oko tìrẹ lọ́la, iye ọjọ́ tí mo bá ṣe fún ọ ni wàá ṣe fún mi. Mo bi í pé bí ara bàbá rẹ̀ kò bá yá lọ́jọ́ tó kàn án ńkọ́? "Ẹ̀gbọ́n mi ló máa rán, mà. Bí kò bá rí ẹni rán, ó jẹ wọ́n nìyẹn. Ó máa san án."

Mo dúró níwájú pátákó, ẹfun lọ́wọ́ mi. Gbèsè tó wà nínú táàgì wa kò ṣèèṣì wà níbẹ̀ tó bí mo ṣe rò.

Torí òtítọ́ ọ̀rọ̀ ni pé àpò wa ti ń kú lọ nígbà yẹn. Àwa méje ni, ṣùgbọ́n èmi àti ẹlẹgbẹ́ mi tó wà ní Ìbàdàn nìkan ló ń fi nǹkan síbẹ̀. Àwọn yòókù ń mú, wọ́n ń dúpẹ́, wọ́n ń ṣàdúrà fún wa. A ti sọ ọ́ di ọ̀wẹ̀ láìmọ̀: a ń sè, wọ́n ń jẹ. Inú ń bí mi sí wọn, n kò sì sọ ọ́. Ẹ̀kọ́ tí ọmọ yẹn kọ́ mi ni pé àáró ní àyè fún ẹni tí kò lè wá fúnra rẹ̀. Ó lè rán ẹlòmíràn. Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè, lọ́kọ̀ọ̀kan, ohun tó ń dí wọn lọ́wọ́. Ẹnì kan sọ pé òun kì í ní dátà lẹ́yìn ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù. Òmíràn ní fóònù tí kò gba kíbọọ̀dù Yorùbá, ojú sì ń tì í láti kọ ọ́ láìlámì níwájú Bàbá. Bàbá fúnra rẹ̀ sọ pé ohun tí òun mọ̀ wà nínú ìwé, kò sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, òun kò sì rí ibi tí àpò yìí ti kan òun.

A ṣí i fún gbogbo wọn. Ẹni tí kò ní dátà lè kọ ọ́ sórí pépà, èmi yóò bá a gbé e sókè. Ojú ìwé nínú ìwé gidi lè wọlé bíi líǹkì: orúkọ ìwé, ojú ewé, ìlà méjì.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni Bàbá na pépà kékeré kan sí mi nígbà ìsinmi, ó yà á kúrò lára ìwé iṣẹ́ ọmọ. Ó ti kọ orúkọ ìwé kan àti ojú ewé síbẹ̀, gbogbo àmì rẹ̀ ló pé. Ó kọ sí ìsàlẹ̀ pé: "Ọ̀wẹ̀ àna. Àna tuntun ló ń bẹ ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ sí oko bàbá ìyàwó. SS1 kò mọ̀ ọ́n mọ́. Ẹ ní kí wọ́n bi àwọn ìyá wọn." Mo gbé e sókè níwájú rẹ̀ níbi fèrèsé, ibi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti ń wọlé dáadáa. Ó gba fóònù náà, ó gbé e jìnnà sí ojú rẹ̀ bí àwọn àgbà ṣe ń ṣe, ó wò ó títí.

"Àmì ìsàlẹ̀ tó wà lábẹ́ ẹ yẹn kò hàn."

Mo gbà á padà, mo tún un ṣe.